Inú gáréèjì ni ìjàǹbá tírélà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, ìrẹsì àti ṣúgà ni mò ń tà ní àpò-àpò. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti kó owó jọ, a fẹ́ ra tírélà tòkunbọ̀ kan kó máa kó kọ̀ntẹ́nà láti Apápá. Àbúrò mi yìí ti ṣe mọ́tọ̀ bọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó ní òun fúnra òun lòun máa wà á. Ọkọ mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní láti ọjọ́ tí kọ̀ntẹ́nà ti já lu ọkọ̀ èrò ní Ojúẹlẹ́gba ni ọkàn òun ti kúrò lára ọkọ̀ akẹ́rù, pé owó tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ nínú kò ní wọ ilé òun. Àwọn kan ní ká kúkú ra táńkà epo, pé ibẹ̀ lowó wà. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń wa tírélà ní Houston sọ pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹ̀rọ ló ń ka wákàtí fún awakọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fa àwọn ìjàǹbá yìí gan-an? Kí lòfin sọ? Kí ni mo lè ṣe kí tèmi má bàa pa ènìyàn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti ojo. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní gáréèjì ọkọ̀ akẹ́rù, èmi ni mò ń yẹ ọkọ̀ wò tí mo sì ń fọwọ́ sí ìwé kó tó jáde, ẹ̀rù yẹn náà ni mò ń bá sùn. Ohun tí mo rí ní gbogbo ọdún yẹn ni pé ìjàǹbá tírélà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú títì. Inú gáréèjì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà míì ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ojú títì la kàn ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ sì ni agbára ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù láti dá a dúró, ju awakọ̀ lọ, ju ọlọ́pàá lọ, ju ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ti Ojúẹlẹ́gba bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ lọkàn ọkọ yín wà. Ọjọ́ Àìkú ni, 29 oṣù kìíní ọdún 2023. Kọ̀ntẹ́nà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún já bọ́ lórí tírélà, ó wó lu ọkọ̀ èrò, ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní afárá Ojúẹlẹ́gba yẹn rí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015: kọ̀ntẹ́nà já láti òkè, ó bọ́ lé jíìpù kan nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta bá a lọ. Ọdún méje ó lé ló wà láàárín méjèèjì, ibì kan náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nǹkan kan wà lábẹ́ afárá yẹn tó ń béèrè ẹ̀jẹ̀. Èmi mọ ohun tó wà níbẹ̀: ọ̀nà tó gòkè tó tún sọ̀kalẹ̀, èrò tó pọ̀ nísàlẹ̀, àti ẹrù wíwúwo tó jókòó sókè lórí ọkọ̀. Bí kọ̀ntẹ́nà ò bá ní ìdè, ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan ló dì í mú. Ìgbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ̀n yẹn kan náà ló máa wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀.

Ìdè ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní twist lock. Gbogbo kọ̀ntẹ́nà ló ní irin oníhò ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí tírélà tí wọ́n ṣe fún kọ̀ntẹ́nà, irin kan yọrí sókè níbi tí igun kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Ó máa wọ inú ihò yẹn, wọ́n á wá yí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni yí kọ́kọ́rọ́, orí irin náà á dábùú nínú, kò ní lè jáde mọ́. Mẹ́rin ni kọ̀ntẹ́nà kan ń fẹ́. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wọlé tí wọ́n sì yí i, ọkọ̀ àti ẹrù ti di ara kan. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ló dé tí wọn kì í yí i nígbà náà? Àwọn kan ra tírélà pẹlẹbẹ tí kò ní i rárá, èyí tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì tàbí pákó, wọ́n wá gbé kọ̀ntẹ́nà lé e. Tàwọn mìíràn ti dógùn-ún, kò yí mọ́. Ẹlòmíràn wà lórí ìlà ní Apápá fún ọjọ́ méjì, kó ṣáà ti jáde ló kù lọ́kàn rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wọ́n ní àwọn kì í tì í nítorí pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣubú, kí kọ̀ntẹ́nà dá lọ, kí ọkọ̀ ọ̀gá má bàa bà jẹ́. Ẹ ro ìyẹn wò, ìyá mi. Àwọn ọ̀gá kan wà tí awakọ̀ wọn gbà gbọ́ pé ọkọ̀ wọn wọ́n ju ẹni tó wà nísàlẹ̀ afárá lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá gba àbúrò yín síṣẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé tírélà lè wó, kọ̀ntẹ́nà ò gbọdọ̀ já.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó bá ẹni tó ń tà á ná ọjà, ẹ ka twist lock rẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yí, owó rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ máa yọ kúrò. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ máa lo okùn tàbí ṣéènì dípò rẹ̀, ẹ má gbà. Ẹ wo ara ilẹ̀kùn kọ̀ntẹ́nà, ẹ máa rí òté ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀; 30,480 kílò ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹrù àti àpótí papọ̀. Ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù. Okùn wo ló fẹ́ dá ìyẹn dúró?

Ìjánu ọkọ̀ ló kàn, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ní títì wa bíi “bíréèkì ló já.” Gbogbo ìwé ìròyìn ló máa ń kọ ọ́ báyẹn, bí ẹni pé bíréèkì jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀, ó wá dédé já.

Afẹ́fẹ́ ni tírélà fi ń dúró, kì í ṣe ọ́ìlì bíi ti mọ́tò kékeré. Ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sínú àwọn àgbá kan lábẹ́ ọkọ̀. Tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ á sáré lọ sínú agolo tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní búsítà. Búsítà á ti ọ̀pá kan, ọ̀pá á yí irin, irin á ṣí láínììnì mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ á dúró. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè jò. Nítorí náà wọ́n fi sípíríǹgì líle kan sínú búsítà ẹ̀yìn. Sípíríǹgì yìí fẹ́ máa di ẹsẹ̀ mú nígbà gbogbo. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó lè rìn. Bí afẹ́fẹ́ bá jò tán, sípíríǹgì á padà wá, á di ẹsẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀ pàápàá, aago afẹ́fẹ́ wà níwájú awakọ̀, ó máa ń dúró láàárín 100 sí 120. Tó bá ti ń lọ sí 60, ariwo á máa dún létí rẹ̀, iná pupa á tàn.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí kó lè dá ara rẹ̀ dúró bí nǹkan bá bà jẹ́. Kí bíréèkì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó “já,” ènìyàn ti ní láti ṣiṣẹ́ lé e lórí. Mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín. Búsítà ẹ̀yìn kan ń jò, ọkọ̀ ń dì mú lójú ọ̀nà, kò jẹ́ kí awakọ̀ lọ. Dípò kí wọ́n ra tuntun, mẹkáníìkì á fi bóòtù fa sípíríǹgì náà sẹ́yìn, á tì í pa síbẹ̀. Ọkọ̀ á máa rìn dáadáa. Ó ti pàdánù ohun tó máa gbà á là lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá tán. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, ọ̀pá afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn bẹ́. Wọ́n á dí i pa, wọ́n á ní ẹsẹ̀ tó kù pọ̀. Láínììnì á jẹ títí kan irin. Ọ̀pá búsítà tó yẹ kó rin ìwọ̀n ìka méjì péré á wá máa rìn jìnnà kó tó kan nǹkan, nítorí kò sẹ́ni tó yí slack adjuster, irin tí wọ́n fi ń dín ìrìn ọ̀pá náà kù, láti ọjọ́ tó pẹ́. Omi á kún inú àgbá afẹ́fẹ́ nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣí i dà nù láràárọ̀. Kò sí èyí tó lè dá ọkọ̀ òfìfo dúró láti rìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá di ẹrù ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù lé e, tó sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, gbogbo rẹ̀ á parapọ̀ fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Awakọ̀ sì lè bà á jẹ́ tán. Láti fi dísẹ́ẹ̀lì pamọ́, wọ́n á yọ jíà kúrò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ ní “free.” Ẹ́ńjìnnì ò ní bá wọn fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́, bíréèkì nìkan ló kù. Dúrọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ láínììnì, láínììnì náà á máa yọ̀, awakọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, kò ní rí nǹkan kan. Ó di dandan kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín: jíà kékeré ni kí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀, kò sí free.

Mo sọ pé ọwọ́ mi ni ìwé máa ń wà. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ kan tí mo mọ̀ pé búsítà méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti fi bóòtù tì pa. Ọ̀gá ní ẹrù ń dúró, pé tó bá dé la máa tún un ṣe. Ọkọ̀ náà ò dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Ṣàgámù. Awakọ̀ ṣe bí akọni, ó darí rẹ̀ wọ igbó dípò kó lọ sáàárín ọjà tó wà níwájú. Mọ́tọ̀ bọ́ọ̀ rẹ̀ ló pàdánù ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bíréèkì já. Èmi ni mo mọ̀ pé bíréèkì ò já, èmi ni mo jẹ́ kó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì mú mi pàdánù iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń ta ọkọ̀ dání. Kó wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ó wá bóòtù nínú búsítà ẹ̀yìn, kó wá ọ̀pá afẹ́fẹ́ tí wọ́n dí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí aago afẹ́fẹ́ á fi kún, ẹ pa á, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa fetí sílẹ̀. Ibi tó bá ń dún “ṣìì” nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó máa tẹ̀ ẹ́ tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi lọ sílẹ̀: bí aago bá lọ sísàlẹ̀ 60 tí ariwo ò dún, tàbí tí afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò di mú fúnra rẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ti táyà ò ní gbà mí lákòókò púpọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àpótí róbótó: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún táyà nílẹ̀ wa, bó ti wù kó tàn tó. Táyà tòkunbọ̀ tí kò ní nọ́ńbà mọ́, tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ, ẹ má rà á. Kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì pé láràárọ̀. Táyà tó bá rọ̀ ló ń gbóná, èyí tó bá gbóná ló ń bẹ́.

Ẹ béèrè ohun tí òfin sọ. Òfin ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2012 fún tírélà àti táńkà ní kìlómítà 45 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 50 ní títì gbogboogbò, 60 ní márosẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ 60. Ẹ wò ó báyìí: ọkọ̀ tó ń sá 90 gbé agbára tó lé ní ìlọ́po méjì ti ọkọ̀ tó ń sá 60, bíréèkì kan náà ló sì máa gbà á. Láti oṣù kejì ọdún 2017 ni FRSC, ìyẹn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti ní kí ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní ẹ̀rọ tó ń dí eré lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìwé rẹ̀ gba ohun tí wọ́n fẹ́ gbà.

Ohun kan wà nínú òfin tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí gidigidi. FRSC ní ètò kan fún àwọn tó ní ọkọ̀ márùn-ún sókè: wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n ní ẹni tó ń mójú tó ààbò, kí wọ́n máa kọ àkọsílẹ̀ awakọ̀ àti ọkọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ẹyọ kan, ètò yẹn ò kàn yín. Ohun tó ṣẹ́ kù fún yín ni VIO tó máa yẹ ọkọ̀ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, àti ẹ̀ṣọ́ tí ẹ bá bá pàdé lójú títì. Ọlọ́kọ̀ kan-kan ló sì pọ̀ jù ní ojú ọ̀nà wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fi ara yín ṣe ọlọ́kọ̀ márùn-ún. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n yí slack adjuster, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ láínììnì, nọ́ńbà táyà, kìlómítà. Ẹ kàwé, ẹ ń tọ́jú ìwé ìrẹsì yín, eléyìí ò le ju ìyẹn lọ.

Wàyí o, ẹni tó máa wà á. Ẹ̀gbọ́n yín ní Houston sòótọ́. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ, láàárín wákàtí 14 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tó bá ti sinmi wákàtí 10 gbáko; bó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 8, ó gbọ́dọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti oṣù kejìlá ọdún 2017 ni òfin wọn ti ní kí ẹ̀rọ tó sopọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì máa kà á, nítorí àwọn awakọ̀ ń parọ́ nínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ kọ. Ọ̀dọ̀ wa, FRSC ń gba awakọ̀ níyànjú pé kó sinmi díẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹ̀yin lẹ máa kà á.

Ẹ sì mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ní Èkó. Láti ọdún 2012 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ò ti fẹ́ kí tírélà máa rìn láàárín ìlú láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, àfi táńkà epo. Ohun tí wọ́n rò dára, wọn ò fẹ́ kí tírélà àti ọmọ iléèwé jọ máa rìn. Ohun tó bí ni pé awakọ̀ tó ti lo ọ̀sán lórí ìlà Apápá, tí oòrùn ti pa, tí kò rí ibi sùn, òru ló wá máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Tí ẹ bá tún ń san owó fún un ní tírípù-tírípù, ìyẹn ni pé tó bá sùn kò jẹun, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á mu páráágà, á gbé tramadol mì, tàbí á gbé ọkọ̀ lé mọ́tọ̀ bọ́ọ̀ lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta òru kóun fi rí oorun díẹ̀. Ẹ san owó oṣù fún un. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ máa sọ fún yín pé awakọ̀ olówó oṣù máa ń ya ọ̀lẹ. Mo ti lo irú méjèèjì. Owó oṣù ni mo fara mọ́.

Àbúrò yín ńkọ́? Ọdún mẹ́fà mọ́tọ̀ bọ́ọ̀ kọ́ ọ ní ìwà ọ̀nà, kò sọ ọ́ di awakọ̀. Orí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kíláàsì G lòfin béèrè fún tírélà tí wọ́n so orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń wa mọ́tò kékeré kò tó. Kó lọ kọ́ ọ, kó ṣe ìdánwò, kó fojú rẹ̀ hàn fún dókítà ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ gba awakọ̀ àgbà tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan, kí àbúrò yín jókòó ti í, kó máa wakọ̀ lójú rẹ̀, ní ọ̀sán, lórí ọkọ̀ òfìfo lákọ̀ọ́kọ́. Á bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ti táńkà, ìdáhùn mi ni rárá. Mo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Epo bẹntiróòlù nínú táńkà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, epo á ṣì máa lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún ti ọkọ̀. Ní kọ́nà, á sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Bó bá sì ṣubú, oru epo náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, inú gọ́tà ló ń tọ̀, ó lè bá iná pàdé níbi tó jìnnà sí ọkọ̀. Ní 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, táńkà kan gbiná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, nítòsí Berger ní Èkó. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó jóná lé ní 50. Ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, oṣù kẹwàá ọdún 2024, ènìyàn tó lé ní 150 ló bá iná lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní oríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, ó tún lé ní 80. Ní ibi méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ló lọ gbọ́n epo. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi pẹ̀lú iye tí epo ń jẹ́ nígbà yẹn. Mo kàn ń bẹ gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé táńkà ṣubú pé kó kó ọmọ rẹ̀, kó lọ sí òdìkejì ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi táńkà tó ń gbé 60,000 lítà lọ̀ yín ní ẹ̀dínwó, ẹ mọ ìdí tó fi dínwó. Láti 1 oṣù kẹta ọdún 2025 ni NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo, ti ní irú rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbé epo ní ibùdó epo (depot) mọ́, wọ́n sì kéde pé àwọn máa mú un wá sílẹ̀ dé 45,000.

Ìdúró náà ń pani bí ìrìn. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú mọ Ògèrè, ẹ mọ bí tírélà ṣe ń tò sí ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn níbẹ̀. Tírélà tó dúró lóru láìsí iná lẹ́yìn, mọ́tò kékeré tó bá kọlu ú máa wọ abẹ́ rẹ̀ ni, ibi tí orí ènìyàn wà ló máa kọ́kọ́ kan irin. Nítorí náà, kí tírélà yín ní irin ìdènà lẹ́yìn tó wá sílẹ̀ dáadáa, kí ìlẹ̀mọ́ pupa àti funfun tó ń tàn yí i ká, kí iná ẹ̀yìn pé. Kí onígun mẹ́ta ìkìlọ̀ tó ń tàn wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sẹ́yìn, ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ ó kéré tán. Ẹ̀ka igi tí wọ́n ń dà sójú títì kì í tàn lóru. Nọ́ńbà FRSC ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sára dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ti adójútòfò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ₦100,000 ni ti ẹni kẹta fún ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ń san dúkìá ẹlòmíràn dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ẹ ka iye ọkọ̀ tó jóná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ẹ pín mílíọ̀nù márùn-ún sí i. Ẹ ra èyí tó kún jù bí agbára bá gbé e.

Ẹ gbé gbogbo èyí ka iwájú ọkọ yín, kó bá yín dá sí i. Tó bá jẹ́ pé owó tí ẹ kó jọ máa ra ọkọ̀ nìkan, tí kò ní ṣẹ́ kù èyí tí ẹ máa fi pààrọ̀ táyà àti búsítà kó tó rin ìrìn àkọ́kọ́, ẹ ò tíì ní owó tírélà. Ẹ padà sídìí ìrẹsì fún ọdún kan sí i. Tó bá sì tó, tí ẹ ti rí ọkọ̀ kan, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà táyà rẹ̀, twist lock mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ẹ̀yìn búsítà kọ̀ọ̀kan láti abẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó sanwó. Màá wò ó fún yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.